Ẹ Má Fi Bàbá Dúró Dè Mí Mọ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀rọ̀ Bàbá tí kò tíì tán nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ibi tí mo wà. Mo kí Bàbá Odòjọmù, àbúrò bàbá mi, ẹni tó di olórí ẹbí wa báyìí. Mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ọmọ ilé gbogbo. Mojí, àbúrò mi, ìwọ tí o máa ka ìwé yìí sókè fún Màmá, mo kí ọ. Kà á dáadáa o. Má fo ibi kankan nítorí pé ẹkún ń gbọ̀n ọ́, torí mo mọ̀ ọ́.

Ẹnu á ya àwọn kan pé kí ló dé tí Akínlolú kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀, tó wá gbé e síta kí gbogbo ayé kà á. Ṣebí fóònù wà, ṣebí mo ń pè yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, tí mo bá sọ ọ́ fún ẹ̀yin nìkan, orí ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀bi rẹ̀ máa já sí. Wọ́n á ní ìyàwó ló kánjú sin ọkọ rẹ̀. Mo mọ ẹnu àwọn èèyàn wa. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí gbogbo ẹbí, gbogbo ìjọ, gbogbo àdúgbò wa ní Oǹdó gbọ́ ọ láti ẹnu èmi fúnra mi.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bàbá mi kú nígbà tí ọyẹ́ ń mú. Ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ ló kú sí, ilé ìgbókùúsí ibẹ̀ náà ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí. Òjò ti ń rọ̀ báyìí, àgbàdo tuntun ti kún ọjà, Bàbá ṣì wà níbẹ̀. Màmá mi ló ní wọn ò gbọdọ̀ sin ín àfi tí èmi dáwódù rẹ̀ bá dé. Nílé tiwa, dáwódù ló ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sórí pósí bàbá rẹ̀ kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Bàbá ṣe é fún bàbá tirẹ̀, gbogbo Oǹdó sì rí i. Màmá ní wọn ò ní sin ọkọ òun bí ẹni tí kò bí ọmọkùnrin, kí ojú òun sì máa wò ó.

Ẹ tún ń bi Mojí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an tí ọ̀gá mi ò fi lè yọ̀ǹda mi. Ọ̀gá mi kọ́ ni wàhálà, Màmá. Màá sọ ti wàhálà náà tó bá yá. Koríko ni mò ń gé, bíi ti ọkọ yín. Itẹ́ òkú ńlá kan ló wà níbí ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ́ rẹrẹ, òkúta orí sàréè sì tò lọ nínú rẹ̀ títí ojú ò fi tó o mọ́. Èmi àti ọ̀gá mi, arúgbó kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, la ń tọ́jú rẹ̀. Mówà, ẹ̀rọ ìgékoríko tí èèyàn ń gùn bí alùpùpù, ni mò ń lò, irú èyí tí Bàbá ń gùn káàkiri pápá ilé ìwé tó ti ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, tí àwọn ọmọléèwé fi sọ ọ́ di Bàbá Mówà. Ẹ rántí bó ṣe máa ń fajú ro sí orúkọ náà lójú wọn, tí á sì wá máa fi í yangàn nílé lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ wo ayé mi, Màmá. Òkú ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń tún ojú oórì rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Mo ń gé koríko wọn, mo ń ṣa ewé gbígbẹ kúrò lórí wọn, mo mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn sórí. Òkú tèmi wà nínú yìnyín ní Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí dé egungun tí mo bá ti gbé kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀.

Ojú ọjọ́ ibí yìí ò ní láárí. Oòrùn á ràn, èèyàn á bọ́ kóòtù, kó tó so ó mọ́ ìdí tán, òjò á ti dé. Wọ́n ní ìgbà ooru la wà yìí, síbẹ̀ mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta léra wọn. Nírọ̀lẹ́, màá padà sí yàrá mi, màá se ìrẹsì, màá jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Kò sí ẹnì kan tí mo lè fi ẹnu Oǹdó bá sọ̀rọ̀. Yorùbá kan ṣoṣo tí mo mọ̀ níbí jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ẹ̀rín ló máa ń fi mí rín tí mo bá la ẹnu. Mówà ni mo kúkú ń sọ ọ́ fún. Tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, màá kí i. Tó bá ṣe wèrè, màá bú u ní Oǹdó, kò sì ní fèsì.

Wèrè náà ló ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á jí. Tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì kí n lè máa lọ báyìí, á kú. Mo ní epo ló ń dà á láàmú. Mo pààrọ̀ fítà epo, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo tú kábúrétọ̀, mo fọ̀ ọ́ títí gbogbo ara mi fi ń rùn bí ilé epo. Mo to gbogbo rẹ̀ padà. Ó jí, ó tún kú. Háà! Mo jókòó sílẹ̀ nínú koríko tútù, mò ń wò ó, òun náà ń wò mí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Bàbá. Nígbà tí mo bá lọ bá a lo ọlidé ní Àkúrẹ́, ó máa ń sọ fún mi pé kí n má kàn máa tú ẹ̀rọ palẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù. Ó ní kí n kọ́kọ́ tẹ́tí sí bó ṣe ń kú. Ẹ́ńjìnnì tí epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á wúkọ́, á gbọ̀n, á máa fà á díẹ̀díẹ̀ kó tó dákẹ́. Èyí tí iná wáyà já mọ́ lọ́wọ́ kì í wúkọ́ rárá, á kàn dákẹ́ lọ́lọ́ ni. Tèmi yìí kò wúkọ́. Wáyà ni, kì í ṣe epo. Mo kígbe pé Bàbá, ẹ ṣeun! Ìyá òyìnbó kan tó ń gbé òdòdó kọjá wò mí, ó mú ẹsẹ̀ yá.

Síwíìṣì kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó mówà. Bí èèyàn bá jókòó, ìwúwo rẹ̀ á tẹ síwíìṣì náà, iná á máa kọjá. Bí ẹni náà bá dìde tàbí tó já bọ́, síwíìṣì á gé iná, ẹ́ńjìnnì á kú, abẹ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ á sì dúró kó má baà gé onítọ̀hún lẹ́sẹ̀. Èyí tó wà lára tiwa ló ti bàjẹ́. Gbogbo ara mi wà lórí ìjókòó, kò mọ̀ pé ẹnì kankan wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní òun máa ra tuntun, pé ó máa tó ọjọ́ mélòó kan kó tó dé. Bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ sin òkú kan ní ọjọ́ kejì, koríko apá ibẹ̀ sì ti ga dé orúnkún.

Màmá, ọmọ Nàìjíríà ni mí. Mo ṣe ohun tí gbogbo mẹkáníìkì Àkúrẹ́ ń ṣe tí síwíìṣì bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo já wáyà méjèèjì kúrò lára rẹ̀, mo lọ́ wọn pọ̀, mo fi rọ́bà wé e, mo ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì. Ó jí, kò kú mọ́. Inú mi dùn, mo ń kọrin. Mo dé ibi tí ẹ̀ka igi kan wó sí, mo bọ́ sílẹ̀ kí n gbé e kúrò, mówà ń kùn lẹ́yìn mi, abẹ ń yí. Ọ̀gá mi rí mi láti ọ̀ọ́kán. Mi ò mọ̀ pé arúgbó yẹn lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní òun mọ ẹni tó ń fi igi rìn lónìí nítorí irú ọgbọ́n tí mo dá yìí. Mo rò pé ó máa lé mi. Kò lé mi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú wáyà náà, ó ní kí koríko wà bó ṣe wà, pé wọ́n á sin òkú wọn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sì sin ín bẹ́ẹ̀. Àlùfáà wá, àwọn tó gbé pósí wá, arábìnrin kan tó ti darúgbó sì wá. Àwọn nìkan náà nìyẹn. Bùrọ̀dá rẹ̀ ló wà nínú pósí. Mo dúró lọ́nà jíjìn, mo ṣí fìlà, sípánà wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó kan ti erùpẹ̀, ìyá náà da tirẹ̀, ó wá ń wò yíká bí ẹni tó ń wá ẹni tó kù. Kò sí ẹni tó kù. Àlùfáà wò mí, ó fi ọwọ́ pè mí.

Kí ni mo fẹ́ ṣe, Màmá? Mo lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu erùpẹ̀, mo dà á sórí bàbá tí mi ò mọ̀ rí. Erùpẹ̀ náà tutù, ó dúdú, kò jọ ilẹ̀ pupa tiwa. Ìyá náà di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú gbogbo epo dúdú tó wà lára rẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì tètè fi mí sílẹ̀. Mo ní kò tọ́pẹ́, mo kọjá sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì tí a ń kó ẹ̀rọ sí, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ti ṣe fún òyìnbó ohun tí mi ò tíì ṣe fún bàbá tó bí mi. Mi ò lè jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní àwọn ọjọ́ tí a fi ń retí síwíìṣì, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ti fẹ́ já, mo pọ́n abẹ méjèèjì, kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀. Nígbà tó dé, mo gbé ìjókòó sókè, mo yí ti àtijọ́ díẹ̀, ó yọ. Mo ki tuntun bọ ibẹ̀, mo so wáyà mọ́ ọn, mo jókòó. Ó jí, kò kú. Mo dìde, ó kú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀gá mi fọwọ́ gbá mi léjìká.

Mo ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà Mojí ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn Mojí. Àlàájà kan ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta omi tútù àti bisikíìtì lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn yẹn ní Àkúrẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n rí; ó gba fóònù lọ́wọ́ Mojí tó wá sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kí mi, ó ṣe mí ní ẹ kú ara fẹ́ra kù, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ nà mí. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ìyá mi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀? Ó ní orí bẹ́ǹṣì òun ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kó wọlé mọ́, nítorí náà á kàn kọjú sí ògiri ilé ìgbókùúsí, á máa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, á sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń kọ́lé fún un.

Ó tún ní aṣọ kan máa ń wà nínú báàgì rẹ̀, agbádá funfun tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti lọ̀. Àlàájà bi ìyá mi léèrè. Ìyá mi dá a lóhùn pé aṣọ tí wọ́n máa fi sin bàbá ni, pé òun ń mú un dání nítorí bóyá ọmọ òun á sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Nírọ̀lẹ́, á gbé aṣọ padà sí Oǹdó. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún un lọ̀. Màmá! Ẹ ò sọ fún mi. Mojí ò sọ fún mi. Mojí ní ẹ kìlọ̀ fún òun pé kí òun má sọ.

Àlàájà ní nínú ẹ̀sìn tàwọn, oòrùn kì í fẹ́ẹ̀ wọ̀ lé òkú lórí, wọ́n ti máa sin ín. Ó ní òun ò bá mi du ẹ̀sìn mi, ṣùgbọ́n kí n sọ fún òun, ta ni ìdúró yìí ń ṣe lóore? Ó ní Bàbá ò lè sinmi, ẹ̀yin ò lè sinmi, ẹsẹ̀ yín ti wú débi pé bàtà ò gba ẹsẹ̀ yín mọ́, ẹ sì ṣubú nídìí bọ́ọ̀sì ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ó ní tí n bá ní ohun tí n máa sọ, kí n sọ ọ́ kíákíá. Ó dá fóònù padà fún Mojí, Mojí ń sunkún, èmi náà ń sunkún títí fóònù fi já.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wàhálà náà báyìí. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba níbí. Lóòyà sọ fún mi pé tí mo bá fi lè jáde kí wọ́n tó dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ mi ti tán nìyẹn, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé padà. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa dáhùn. Ó ní òun ò mọ̀, ó lè jẹ́ ọdún yìí, ó lè jẹ́ èyí tó ń bọ̀. Mo ti di ẹrù mi rí, Màmá. Mo ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo wá ronú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti ilé ìwé àwọn ọmọ Mojí, mo tú ẹrù náà padà. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ fún yín, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, èmi Akínlolú, dáwódù, ló ń sọ ọ́, mo sì ń sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn: ẹ sin Bàbá. Ẹ gbé e kúrò ní Àkúrẹ́, ẹ gbé e wá sílé, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ má fi í dúró dè mí mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ ṣùtì sí ìyá mi pé ó kánjú, ẹ ka ìwé yìí sí onítọ̀hún létí, kó wá bá mi jà.

Mojí ni kó kọ́kọ́ da erùpẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọbìnrin ni, mo sì mọ̀ pé òun ló kéré jù. Òun ló wẹ Bàbá nígbà tí ara rẹ̀ ò le mọ́. Òun ló fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, òun ló gbé e dé Àkúrẹ́ nínú òjò àìròtẹ́lẹ̀ yẹn, orí Bàbá lórí itan rẹ̀. Èmi tí mo ń pe ara mi ní dáwódù, ohùn mi nìkan ló ń dé. Bàbá Odòjọmù, mo bẹ̀ yín, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ akọ àti abo dá a dúró. Ẹ dúró tì í, kí ẹ di apá rẹ̀ mú.

Màmá mi, mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Ẹ bínú sí mi tó bá wù yín, mo gbà. Ẹ kàn dákun, ẹ má lọ sí Àkúrẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín lé orí àpótí, kí Mojí fi omi gbígbóná jó o fún yín. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fi ẹkún kan lé òmíràn. Ilé Bàbá ò ní dahoro, àwa ọmọ rẹ̀ ò ní di àwátì, ojú mi á sì tún rí ojú yín kó tó pẹ́ jù. Ẹ bá mi kí àlùfáà wa àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé kejì. Ẹ bá mi kí Àlàájà, kí ẹ sọ fún un pé mo gbọ́.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, màá wà níbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ Bàbá kalẹ̀, kí Mojí pè mí. Kó má fi fídíò hàn mí o, mi ò lè wò ó. Kó kàn bẹ̀rẹ̀, kó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu sàréè, kí n gbọ́ bí erùpẹ̀ ṣe ń bà lórí pósí. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà. Tó bá ti dákẹ́, kí ẹ pa fóònù, kí ẹ sì mú Màmá lọ sílé.

Ọmọ yín tí kò lè dé,
Akínlolú.